Odídẹ Tí Màmá Fi Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn inú ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ogún ọdún tí sẹ́ẹ̀tì 2005 jáde)

    

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ohun tí ó rò ni pé n óò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìròyìn, tàbí nípa bí ìlú ṣe rí. Mo ní rárá, ẹyẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo wá sọ irú ẹyẹ tí mo ní lọ́kàn fún un, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ṣé ó ṣì wà láyé ni?”

Ó ṣì wà láyé. Akọ̀wé ni mò ń wí. Kì í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ o. Akọ̀wé Màmá ni, odídẹ Màmá tí ó kọ́ wa ní Yorùbá.

Ẹ̀yin tí ẹ wá lẹ́yìn wa lè má mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ilé Màmá ni ìkẹta nínú ilé àwọn olùkọ́, èyí tí igi máńgòrò wà níwájú rẹ̀. Kéèjì ẹyẹ náà wà ní fàráńdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga onírọ́bà tí Màmá máa ń jókòó sí. Odídẹ aláwọ̀ eérú ni, ìrù rẹ̀ pupa fòò. Ọkọ Màmá ni ó rà á ní ọdún 1984 lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tí ó mú un nínú oko, ọmọ ẹyẹ ni nígbà náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: a bí mi ní 1988. Akọ̀wé jù mí lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi obìnrin fi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rò ó.

Ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ àfikún tí Màmá máa ń kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò nírọ̀lẹ́. Wọn a mú rẹ́jísítà jáde, wọn a máa pe orúkọ. Bí ọmọ kan kò bá sí níbẹ̀, tí ibẹ̀ pa lọ́lọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, odídẹ a dáhùn láti orí fàráńdà pé, “Mo wà, mà!” A ó sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá a yọ awò ojú wọn, wọn a ní, “Akọ̀wé, ìwọ nìkan ni o kò sá fún kíláàsì mi rí.” Orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára láti ibẹ̀.

Màmá fẹ̀yìntì ní 2010. Wọ́n jáde láyé ní 2018. A lọ síbi ìsìnkú wọn, a ra aṣọ ẹbí, a jẹ, a mu, a jó. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè pé, “Ẹyẹ wọn ńkọ́?” Èmi náà ò béèrè, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ló yẹ kí n béèrè. Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní oṣù kọkànlá 2021 ni mo pàdé àkọ́bí Màmá lórí ìlà nínú báńkì kan ní Ìbàdàn. A kíra, a béèrè ọmọ, a béèrè ilé. Ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu mi ni: “Àǹtí, Akọ̀wé ńkọ́?” Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ṣì wà o, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i, o ò ní mọ̀ ọ́n.” Lẹ́yìn tí Màmá kú, àwọn ọmọ wọn fọ́nká, ọ̀kan wà ní Kánádà, ọ̀kan wà ní Àbújá, Àǹtí fúnra wọn ní ikọ́ fée, eruku funfun tí ó máa ń gbọn jáde lára odídẹ sì ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n gbé e fún ìbátan wọn kan pé kí ó máa bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n gbé kéèjì sí abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, àpò sìmẹ́ǹtì bò ó lórí. Mo ká àpò náà kúrò. Ẹ gbà mí gbọ́, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti ra adìyẹ ọdún kalẹ̀ tí wọ́n ti ń tu ìyẹ́ rẹ̀ ni. Àyà ẹyẹ náà pá porogodo. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ẹnu tu ara rẹ̀. Ìrù rẹ̀ kù ìyẹ́ pupa mẹ́ta péré, èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn ni wọ́n ń wá tọrọ ìkóódẹ, wọ́n á sì fà á yọ lára rẹ̀. Ìkóódẹ ní iyì nílẹ̀ wa, mi ò ní pa irọ́ mọ́ àṣà. Ṣùgbọ́n odídẹ a máa pààrọ̀ ìyẹ́ fúnra rẹ̀, a máa já a sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí àsìkò bá tó. Ẹni tí ó ń kánjú ni kò lè dúró dè é.

Baálé ilé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Búrẹ́dì tí ó rẹ sínú tíì ni ó fi ń bọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́, ó sì rò pé òun ń kẹ́ ẹ ni. Ó ní, “Ẹ gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n. Bó bá ti figbe ta, kò sẹ́ni tó lè sùn.” Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún obì, mo gbé kéèjì sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Láti ibẹ̀ dé ilé mi, ẹyẹ náà kò ké, kò mira. Ó kàn lẹ̀ mọ́ igun kéèjì, ó ń gbọ̀n.

Ìyàwó mi wò mí, ó wo ẹyẹ. Ó ní, “Bàbá ọmọ yìí, ilé yìí la fẹ́ gbé èyí sí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá wò ó tinútìta. Kò rí àrùn kan gbòógì. Ó ní ìyà oúnjẹ ń jẹ ẹ́, pé ẹyẹ tí ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà nìkan kì í rí fítámì A àti káṣíọ̀mù tó, bẹ́ẹ̀ odídẹ wa yìí ni àìtó káṣíọ̀mù tètè máa ń bá jà nínú gbogbo ìdílé wọn. Ó ní ní ti ìyẹ́ títu, ìdáwà àti àìrí-nǹkan-ṣe a máa fà á, ìpayà náà a máa fà á. Mo bi í léèrè bóyá kí n kúkú gbé e lọ sínú igbó kí n tú u sílẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo ní kí n lọ ju ọmọ sódò. Ẹyẹ tí ó ti lo nǹkan bí ogójì ọdún nínú kéèjì, kò mọ oúnjẹ igbó wá, kò mọ àwòdì yàtọ̀ sí àdàbà, kò sì ní agbo tí yóò bá fò. Ó ní, “Bí o bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ṣì lè lo ogún ọdún sí i.” Ẹ̀rù bà mí. Ogún ọdún! Ọmọ mi á ti relé ọkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa, ẹ óò dárí jì mí bí mo bá fẹ́ ṣe ọ̀mọ̀ràn lójú yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mò ń ṣe, mo sì lọ kàwé nípa rẹ̀. Obìnrin onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg lorúkọ rẹ̀. Ní 1977 ó ra odídẹ aláwọ̀ eérú kan nínú ṣọ́ọ̀bù, irú ti ilẹ̀ wa níhìn-ín gan-an, ó sọ ọ́ ní Alex. Ó kọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹyẹ náà mọ orúkọ àwọ̀, ó mọ bí nǹkan ṣe rí, bóyá onígun mẹ́ta ni tàbí onígun mẹ́rin, ó lè ka nǹkan dé ẹẹ́fà, bí a bá sì bi í pé kí ló yàtọ̀ láàárín nǹkan méjì, yóò dáhùn. Alex kú ní oṣù kẹsàn-án 2007, ìwé ìròyìn káàkiri ayé ni ó sì gbé ikú rẹ̀ jáde. Àwa tí odídẹ wà nínú igbó wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí a ń fi orúkọ rẹ̀ kí ìlú Ìwó, tí a sọ ọ́ ní ayékòótọ́ nítorí pé kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, a ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe ẹyẹ lásán.

Àmọ́ a kò tọ́jú rẹ̀. Àtè ni wọ́n fi ń mú un, bí wọ́n bá sì mú mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í dé ọjà láàyè. Ní Gánà, ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé odídẹ inú igbó wọn ti dín ní 90 sí 99 nínú 100 láti 1992. Ọdún 2016 yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Johannesburg, tí wọ́n fòfin de kíkó odídẹ inú igbó lọ tà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi yìí bá wu ẹnikẹ́ni nínú yín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ lọ ra odídẹ lójú títì, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Èyí tí ẹ bá rà, wọ́n á lọ mú òmíràn láti fi dí àyè rẹ̀. Ti Akọ̀wé yàtọ̀. Àgbà tí kò ní ibi tí yóò lọ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sí pálọ̀ mi.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo rò pé yóò dá mi mọ̀. Mo ti fún ẹyẹ yìí lómi mu rí! Mo ṣí ilẹ̀kùn kéèjì, mo na ọwọ́ sí i bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó gé àtàǹpàkò mi jẹ dé eegun. Ẹnu tí ń fọ́ èkùrọ́ ni o. Àpá rẹ̀ rèé, ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó lè wá wò ó lẹ́yìn ìpàdé. Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi táwẹ̀lì bò ó mọ́lẹ̀, kí n dì í mú, pé yóò mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá. Mo ṣe é. Igbe tí ó ké lọ́jọ́ náà, bí ọmọ ènìyàn ni. Oṣù kan gbáko ni kò fi jẹun lójú mi. Bí mo bá ti wọlé, ó máa ń kùn hùùù bí ajá tí inú ń bí. Mo rò pé ìbínú ni. Dókítà ní rárá, ẹ̀rù ni. Odídẹ tí ẹ̀rù bà a máa kùn bẹ́ẹ̀.

Dókítà ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ó ní ẹyẹ tí ẹran ń pa jẹ ni odídẹ. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì orí kí ó lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá kọjú sí i tààrà, tí ó tẹjú mọ́ ọn, tí ó sì na ọwọ́ sí i láti òkè, ìṣe àwòdì ni ó ń ṣe. Mo ronú sí i, ojú tì mí. Gbogbo ohun tí àwòdì máa ń ṣe ni mo ti ṣe.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé kéèjì sí igun kan tí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà máa bojú wẹ̀yìn, mo gbé e ga dé àyà mi, jìnnà sí èéfín ilé ìdáná àti ti jẹnẹrétọ̀. Mo fi aṣọ bo apá kan kí ó ní ibi tí yóò sá sí. Ní agogo méje alẹ́, a ó pa iná pálọ̀ kí ó lè sun oorun tirẹ̀ tó wákàtí mẹ́wàá, a ó sì lọ wo tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá. Èyí ni ìyàwó mi kò tètè dárí rẹ̀ jì mí.

Láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, n óò gbé àga jókòó sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i, n óò kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, n óò máa ka ìwé ìròyìn sókè. Mi ò wò ó. Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ìròyìn tí èmi fúnra mi kọ ni mo sábà máa ń kà. Ìyàwó mi ní òun nìkan ni ó ń gbọ́ ọ parí. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń sún àga mọ́ ọn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ típẹ́típẹ́, mo mọ̀ pé mo ti sún mọ́ ọn jù, n óò fa àga padà. Ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí mo fi fa àga padà.

Ní ti oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ ni a fi pààrọ̀ rẹ̀. Àgbàdo tútù, ẹ̀wà sísè tí kò ní iyọ̀, karọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, àti èèpo ẹyin tí a sè tí a lọ̀ kúnná. Ó ń da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun méjì ni kò dà nù rárá: ẹyìn àti ata rodo. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan mú ẹyìn, tí ó ń bó o lójú mi, tí epo ń ṣàn sí i lágbárí, mo mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ata kì í ta ẹyẹ, ó ń jẹ rodo bí ẹni ń jẹ ìrékẹ́, ó ń jẹ kóró rẹ̀ mọ́ ọn. Píà nìkan ni dókítà ní a kò gbọ́dọ̀ fún un láé, pé májèlé ni fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì.

Ní oṣù kẹta 2022 ni ó gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi láàárín irin kéèjì. Ó gbà á, ó jù ú sílẹ̀, ó sá. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo jó. Ní oṣù karùn-ún, mo ń fi ilẹ̀kùn kéèjì sílẹ̀ ní ṣíṣí, kò jáde. Ọmọ mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, ni ó jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ó ń ṣeré, tí ó gbàgbé pé ẹyẹ wà níbẹ̀. Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀ láti inú kéèjì, ó rìn gẹ̀gẹ̀rẹ̀gẹ̀ kọjá lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó wá dúró tì í. Mo di ọmọ mi mú díẹ̀díẹ̀ nítorí mo rántí àtàǹpàkò mi. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tí kò wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bá.

Síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Láti oṣù kọkànlá 2021 dé oṣù kẹjọ 2022, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Igbe ni, àti ìró jẹnẹrétọ̀, tí ó ń ṣe gẹ́lẹ́ bí ẹni fẹ́ fa okùn rẹ̀: pùrù-pùrù, ó kú. Mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán nínú rẹ̀.

Ẹ óò rántí pé 2022 ni akápò wa ní kí n bá òun to orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ẹgbẹ́. Mo jókòó sí pálọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ka orúkọ náà sókè kí n má baà fo ẹnì kan. Mo ka èkíní, mo fàmì sí i. Mo ka èkejì. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Láti ẹ̀yìn mi ni mo gbọ́ ọ, ohùn kékeré, bí ẹni tí kò tíì jí tán: “Mo wà, mà.”

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò yíjú. Mo mú ìwé, mo ka orúkọ mìíràn, mo dúró. “Mo wà, mà!” Gbogbo orúkọ náà ni mo kà tán lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì tún un kà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹgbẹ́ lówó, kí ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti dáhùn fún yín. Akápò, ẹ lọ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń tú ẹrù. Ohùn Màmá sì ni: “Ẹ jókòó dáadáa.” “Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?” Ìkọ́ Màmá, bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bínú. Àǹtí wá sílé wa láti wá gbọ́ ọ, wọ́n bo imú wọn. Wọ́n jókòó fún wákàtí kan, wọ́n kàn ń sunkún.

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, lánlọ́ọ̀dù wa wọlé. Bí ó ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, Akọ̀wé fẹ ìyẹ́ ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń fẹ̀ ó ń sún kì, ó sì pariwo pé, “Imú rè é! Imú rè é o!” Ó fi ẹ̀rín tì í, ẹ̀rín kan báyìí tí ó ń há lọ́nà ọ̀fun, kẹ̀-kẹ̀-híì, kẹ̀-kẹ̀-híì. Lánlọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun kọ́ ni. Ìyàwó mi yọ láti ilé ìdáná. Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀rín ẹ nìyẹn.”

Ẹ̀rín mi ni. Ohùn mi ni, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí ohùn mi kò tíì wú. Ọmọ mi náà ń rín in bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará sẹ́ẹ̀tì 2005, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní 2002, nígbà tí a wà ní JSS 3, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wá kí Màmá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, odídẹ sì bú wọn ní orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ pé a ń pè wọ́n lẹ́yìn. Ó bú wọn lójú àwọn olùkọ́ mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa ni ó máa ń gbá fàráńdà Màmá, òun ni ó sì ń fún ẹyẹ lóúnjẹ. Wọ́n ní òun ni. Ó ní òun kọ́. Wọ́n nà án ní ẹgba méjìlá lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lójú gbogbo ilé-ìwé, wọ́n sì gba ipò olórí kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró ní ìlà kẹta. Mo ka ẹgba náà.

Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yọ́ lọ sí fàráńdà Màmá nígbà oorun ọ̀sán láti kọ́ ọ. Ẹ̀pà ni mo fi ń san owó rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ ara rẹ, o jókòó síbẹ̀ yẹn lónìí, o wọ agbádá àdìrẹ. Ìwọ kọ́ ni. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ogún ọdún àti mẹ́ta ni mo ti fi ń bá ọ jẹun, tí mo ń bá ọ rìn, tí mo sì ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó nígbèéyàwó rẹ, mi ò sọ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Àti ẹ̀yin Ọ̀gá wa, sà, tí ẹ jókòó ní ìlà iwájú, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu mi jáde kí ó tó ti ẹnu ẹyẹ jáde.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ tí lánlọ́ọ̀dù wá kì í ṣe pé ẹyẹ rántí. Màmá ni mò ń rò. Bí ẹyẹ bá ń fi ohùn mi sọ ọ́, tí ó sì ń fi ẹ̀rín mi tì í, Màmá gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ìgbà náà ni mo rántí pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹgba yẹn, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní láti òní lọ, èmi ni kí n máa wá pààrọ̀ omi Akọ̀wé láràárọ̀. Wọn ò sọ ìdí. Odidi tááàmù kan ni mo fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí láàárín tááàmù yẹn, wọ́n á kàn yọ awò ojú wọn, wọ́n á ní, “Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ?” Mo ní, “Kò sí, mà.” Lẹ́yìn ìkẹta, wọn kò bi mí mọ́. Wọn ò sì fi ojú burúkú wò mí rí títí mo fi jáde. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé gbogboníṣe, àwọn ni wọ́n ra bàtà fún mi.

Mi ò lè lọ dá Màmá lóhùn mọ́. Ẹyẹ wọn nìkan ni mo lè pààrọ̀ omi fún.

Akọ̀wé wà dáadáa báyìí. Ìyẹ́ ti hù padà sí ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ méjèèjì. Àárín ṣì pá, dókítà sì ní ibẹ̀ lè má hù mọ́, nítorí ó ti tu ú pẹ́ jù. Ìrù rẹ̀ pé, ẹni tí ó bá tọrọ ìkóódẹ lọ́wọ́ mi, kí ó dúró de ìgbà tí ó bá já bọ́. Lọ́dún tó kọjá ni ó kọ́kọ́ tẹ orí rẹ̀ ba fún mi, tí ó wú ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè kí n bá a họ ọ́. Odídẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá fọkàn tán. Ó ṣì ń kùn sí ìyàwó mi. Kò sì tíì gba táwẹ̀lì kankan láyè nínú pálọ̀ wa, kódà èyí tí a fi ń nu ọwọ́.

Ilé wa kò jìnnà síbi yìí. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lọ kí i lè tẹ̀lé mi. Ẹ má mú bísíkíìtì dání, ẹyìn ni kí ẹ mú. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i bí ẹ bá wọlé, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí ó wò yín tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀gá wa, sà, bí ẹ bá máa bá wa lọ, mo ti ń tọrọ àforíjì sílẹ̀, nítorí kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi alágbádá ni mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ wọlé. Mo ti ra ẹyìn sílẹ̀ fún un láti fún un jẹ.